Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Ka Gbogbo Ìlú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bà lé, Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ka gbogbo ará ìlú bí ẹni ń ka èkùrọ́. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ń ti ẹnìkejì rẹ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́. Orin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti ní "ó pé," kí ẹ̀yin dáhùn pé "ó gún régé." Ṣé ẹ ti gbọ́? Ó dáa.

Láyé ìgbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì ń gbé ojú kan náà, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìpínyẹ. Ẹfọ̀n ni ọba wọn. Ìlú náà dára, omi wà, iṣu ń ta dáadáa, ṣùgbọ́n ìjà kì í tán níbẹ̀. Ohun tó sì ń fa ìjà náà kò ju ìpín lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ro oko ọba, wọ́n á ní kí ìlú tò ní márùn-ún márùn-ún. Àwọn mẹ́ta á ṣẹ́kù. Àwọn mẹ́ta náà á lọ sùn sábẹ́ igi, inú á sì bí àwọn tó ń ro oko. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́n ẹja lódò, wọ́n á tò ní mẹ́fà mẹ́fà. Ẹnìkan á ṣẹ́kù, ẹni náà á ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, á sì lọ da ẹrẹ̀ sínú odò. Bí ọdún ṣe ń lọ ni ìjà ń lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ń gbé lórí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ààfin. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò tíì bímọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò rí ọmọ bá ṣeré, èkùrọ́ ló ń bá ṣeré. Á tò wọ́n, á tú wọn ká, á tún wọn tò. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà tó o ní gbogbo Ìpínyẹ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ iṣu tuntun, ọba ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ ka ìlú. Ó so agbọ̀n mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Orí kan tó bá rí, á sọ èkùrọ́ kan sínú agbọ̀n: kó! Orí mìíràn: kó! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kà. Nígbà tó dà wọ́n sílẹ̀, ẹgbẹ̀jìlá lé ọgọ́fà ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ka igba lọ́nà méjìlá, kí ẹ wá fi ọgọ́fà lé e. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Ó tò wọ́n ní méjì-méjì, wọ́n pé. Ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n pé. Mẹ́rin, wọ́n pé. Márùn-ún, wọ́n pé. Mẹ́fà, wọ́n pé. Ó dé orí méje, méje tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, wọ́n pé. Mẹ́jọ pé, mẹ́sàn-án pé, mẹ́wàá pé. Kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù. Ó wádìí gbogbo iye tó kéré sí i, láti orí ọ̀kan dé òkè, kò rí èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlá ló wá ṣagídí, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó títí, ó ní kò sí ọmọlúàbí tí í tò ní mọ́kànlá, ó sì fọwọ́ gbá a dànù.

Lọ́jọ́ kejì, ọba pe gbogbo ìlú sí gbàgede. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí òkìtì ọ̀gán kan, ó gbé orin:

Ẹ tò ní méjì-méjì, ó pé.
*Ó gún régé.*
Ẹ tò ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó pé.
*Ó gún régé.*
Méje tó ń dá wa láàmú, ó pé.
*Ó gún régé.*
Mẹ́wàá kò ní àṣẹ́kù, ó pé.
*Ó gún régé.*

Ẹsẹ̀ ń dún gìrì, gìrì, gìrì, ilẹ̀ ń mì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á pa rọ́rọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló pé. Ẹfọ̀n gan-an sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó dúró láàárín Ìgalà àti Túúkú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi Ọ̀kẹ́rẹ́ joyè Olùkà. Wọ́n fún un ní fìlà, wọ́n sì ní kó gbé òfin kalẹ̀ tí iye rere yìí kò fi ní bàjẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé òfin kalẹ̀. Ó ní iye Ìpínyẹ kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí ó bá lé, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò jáde. Bí ó bá dín, kí wọ́n wá ẹnìkan fi dí i. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ sí òfin náà, nítorí kò tíì kan ẹnikẹ́ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kàn ni Ìyá Àyọ̀ká. Obìnrin arúgbó ni, ìkòkò ló ń mọ. Ogun ti jó ìlú tirẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ló dé Ìpínyẹ, ó ru ìkòkò mẹ́rin, ètè rẹ̀ ti là. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun ní igun kan, ibi kékeré tó òun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lé e bí ajá. Sùúrù ló fi bá a sọ̀rọ̀. Ó da èkùrọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ẹyọ kan kún un, ó ní kó wò ó. Ó tò ó ní méjì-méjì, ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó tò ó títí dé mẹ́wàá, ibi gbogbo tó yà sí, ẹyọ kan ń ṣẹ́kù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ìyá, ẹ ti fojú ara yín rí i. Kì í ṣe pé a kórìíra yín. Iye ni kò gbà yín."

Ìyá Àyọ̀ká wo èkùrọ́ náà pẹ́. Ó ní, "Mo rí i, ọmọ mi. Ibo wá ni kí ẹyọ kan yìí sùn lálẹ́ òní?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn pé iye kò sọ ìyẹn. Obìnrin náà ru ìkòkò rẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì odò, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ahéré síbẹ̀.

Kò pẹ́, Àwẹ̀ró, ìyàwó Ehoro, bímọ. Ẹ sì mọ Ehoro: mẹ́fà ló bí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú di ẹgbẹ̀jìlá lé mẹ́rìndínláàádóje. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé fìlà, ó wá kí wọn kú ewu, ó sì rán wọn létí òfin. Ehoro bẹ̀ ẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní bí ó bá jẹ́ tòun ni, òun ì bá gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tòun. Nígbà tí wọ́n já àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú, Ehoro kó wọn sínú agbọ̀n, ó gbé wọn lọ bá Ìyá Àyọ̀ká lódìkejì odò. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró létí omi, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ó ní ó pé. Àwẹ̀ró jókòó sórí òkúta, ó ń kọrin:

Ọ̀kẹ́rẹ́ kà mí lọ́mọ, ó pé.
*Ó gún régé.*
Ọ̀kan, èjì, títí dé ẹ̀fà, ó pé.
*Ó gún régé.*
Ilé mi pa lọ́lọ́, ó pé.
*Ó gún régé.*

Mo gbọ́ pé ohùn yín ń lọ sílẹ̀. Ti àwọn ará Ìpínyẹ náà lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá kò dúró gbọ́ orin náà tán. Ó ní ebi ń pa òun, ó lọ jẹun.

Ọdún méjì kọjá. Túúkú àgbà kú. Ẹnìkan ṣoṣo ló kú, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ikú ẹnìkan dá sílẹ̀. Wọ́n tò ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, àwọn mẹ́sàn-án ṣẹ́kù. Wọ́n tò ní mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ṣẹ́kù. Wọ́n tò ní mẹ́jọ, méje ṣẹ́kù. Ọba kò rí oorun sùn. Erùpẹ̀ orí sàréè Túúkú kò tíì gbẹ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò fi dí àyè rẹ̀; kò sẹ́ni tó rántí sunkún. Wọ́n rán Ọ̀kẹ́rẹ́ sí Àwẹ̀ró pé ọba ti ṣàánú rẹ̀: kó lọ mú ọmọ rẹ̀ kan wálé. Ọ̀kan.

Àwẹ̀ró kọjá odò, Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e láti ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sáré pàdé ìyá wọn. Ó dúró láàárín wọn láti òwúrọ̀ títí òòrùn fi kàn án lórí, kò lè yan ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, èyí tó kéré jù dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sì jẹ́ kó rìn. Òun ló gbé. Kò wẹ̀yìn.

Àkọ́bí inú wọn, Àjàdí, súnmọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá Olùkà, kí ni mo fi lé?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó mọ gbogbo ìṣirò gbójú sókè. Ó ní òòrùn ti ń mú, ó sì fò padà sílé. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìbídùn. Ìbídùn kàn gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀ka mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Ìbídùn fi lóyún.

Ẹ̀yin ọmọ, ayọ̀ náà kò kéré. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn! Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fò láti ọ̀pẹ dé ọ̀pẹ, fìlà oyè bọ́ sílẹ̀ kò mọ̀. Ìbídùn bí ọmọkùnrin lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé e, ó jó. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ síbi agbọ̀n, ó mú èkùrọ́ kan, ó sì sọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Kó. Ìró náà wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ kejì ni Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pè é. Ọba kí i kú oríire, ó fún un ní abọ́ ẹ̀pà. Ó wá ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, kì í ṣe pé a kórìíra ọmọ rẹ. Iye ni kò gbà á." Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, kí ó má baà jáde láìlórúkọ, kó sì kọjá odò lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú èkùrọ́. Ó ń wá ibi tí ẹgbẹ̀jìlá lé mọ́kànlélọ́gọ́fà yóò ti gba ìpín, kó lè fi han ọba pé ìwà rere wà nínú iye yìí náà. Láti orí méjì dé orí mẹ́wàá, ó ti mọ̀ ná. Ó gbìyànjú mọ́kànlá tó ti gbá dànù rí, èjì ṣẹ́kù. Ó gbìyànjú méjìlá, ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó gbìyànjú mẹ́tàlá, ó kù ẹyọ kan péré kó pé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbìyànjú mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Kò sí èyí tó gbà. Iye náà kò ní ìlẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pín in.

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Àlékún ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà á wolẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí àlejò ti lọ tán, Ọ̀kẹ́rẹ́ tún lọ jókòó ti èkùrọ́, ó tún ti tò wọ́n ní mẹ́tàlá-mẹ́tàlá, ó ń wo àyè kan tó ṣófo níparí. Ìbídùn gbé ọmọ sí ẹ̀yìn, ó wá dúró lórí rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Àlékún, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ìlú kọ́kọ́ tò ní méjì-méjì, ìyàwó Ìgalà ni mo dúró tì. Ta ni ẹ̀yin dúró tì?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun wà lórí òkìtì ọ̀gán, òun ń kọrin.

Ìbídùn ní, "Nígbà tí wọ́n tò ní méje ńkọ́?"

Ó ní orí òkìtì náà ni.

"Nígbà tí ẹ gbé agbọ̀n lọ láti ojúlé dé ojúlé, ta ló sọ èkùrọ́ tiyín sí i?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí agbọ̀n. Ó mú èkùrọ́ kan, ó fi sí àyè tó ṣófo níparí ìlà mẹ́tàlá. Gbogbo rẹ̀ pé: igba ẹgbẹ́ ó dín mẹ́fà, kò sí èyí tó lé, kò sí èyí tó dín. Ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń wo ara rẹ̀ nílẹ̀.

Gbogbo ọdún yìí, iye ìlú kò fìgbà kan jẹ́ ohun tí wọ́n ń kọ lórin. Ẹyọ kan ti ń ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan náà ló dé fìlà, òun ló ń lé àwọn yòókù jáde. Ẹ̀yin ọmọ, iṣu kò sì tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ títa, odò kò sì gbẹ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dúró kí ilẹ̀ ṣú. Ó lọ sí ààfin, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ẹfọ̀n àti àwọn ìjòyè, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní bí ẹnìkan bá máa jáde nítorí àṣẹ́kù, òun ni, òun ti ṣetán. Ó kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ọmọ òun sí.

Àwọn ìjòyè wo ilẹ̀. Ẹfọ̀n gbé orí sọ́wọ́. Ẹ má rò pé ọmọ Ehoro ni ọba ń rò. Oríkì rẹ̀ ló ń rò, oríkì tuntun tí wọ́n ń kì í lóròòwúrọ̀, pé Ẹfọ̀n ọba tí ìlú rẹ̀ kì í ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ojú wo ni yóò fi jáde? Ó rò ó, ó rò ó. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀pá, ó gbá a mọ́lẹ̀ gbì, ó ní Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ṣi ìlú kà. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àṣà ti wà pé olùkà kì í ka ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà kò sí nínú àwọn tí à ń kà. Nítorí náà iye ìlú pé, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun mìíràn. Àwọn ìjòyè ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà rántí àṣà náà dáadáa.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde. Ó ní, "Kábíyèsí, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Àlékún ọmọ mi, olùkà ni."

Ọba ní ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ? Ọ̀kẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń wo ojú àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba wò ó. Òun náà wo ọba. Ọba ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní fìlà kékeré.

Ìròyìn kò sùn ní ààfin. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná lọ́jọ́ kejì, Ehoro ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní olùkà ni àwọn ọmọ òun. Wọ́n mú Ìyá Àyọ̀ká wọlé, wọ́n ní olùkà ìkòkò ni. Ọ̀yà bí mẹ́rin, olùkà ni gbogbo wọn. Kí iṣu mìíràn tó ta, olùkà ti kún Ìpínyẹ títí dé etí odò. Bí wọ́n bá sì pe ìlú jọ, gbogbo wọn á gun orí òkìtì ọ̀gán, wọ́n á máa ti ara wọn, ẹgbẹ̀jìlá lé ọgọ́fà á tò nísàlẹ̀, gbogbo ẹnu á sì pa pọ̀:

Ìpínyẹ kò lé, kò dín, ó pé.
*Ó gún régé.*

Inú ọba dùn. Kò sí ìjà mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ehoro kọjá odò láti kó àwọn ọmọ márùn-ún tó kù, mẹ́rin ló bá. Ìyá Àyọ̀ká ní Àjàdí ti gba inú igbó lọ láti bí oṣù mélòó kan. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní òun ń lọ wá ibi tí wọn kì í ti í ka ènìyàn. Àwẹ̀ró gbọ́, kò kọrin. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́, ó gbé fìlà oyè kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó sì wọ inú igbó lọ wá a.

Ó ṣì ń wá a. Bí ẹ bá rí Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka, á sáré fìrì, á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Á wá gbé ọwọ́ méjèèjì sí àyà, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kà-kà-kà. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kà. Ó di ìgbà tó bá ti ka ara rẹ̀ tán kó tó ka ẹlòmíràn. Kò tíì rí Àjàdí.

Ibi tí àlọ́ mi ti lọ ló ti bọ̀ yìí, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ohun tó bá mi gbé bọ̀ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ ẹlòmíràn ní àṣẹ́kù, kó kọ́kọ́ wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí nígbà tí wọ́n ń tò. Kò sí ìpín kan láyé tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tó tó lé ọmọ ènìyàn jáde nílé nítorí rẹ̀.